Girton, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Obìnrin

Girton ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí obìnrin lè máa gbé ibẹ̀, kó sì kàwé bí ọkùnrin.

Lọ́dún 1869, Emily Davies, ọ̀kan lára àwọn tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin márùn-ún jọ sínú ilé kan tí wọ́n háyà ní ìlú Hitchin. Àwọn olùkọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Cambridge wá bá wọn. Ní 1873, wọ́n kó lọ sí abúlé Girton, lẹ́yìn ìgboro Cambridge.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá ibùsùn, ó tún ní yàrá ìkàwé. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin mélòó ló ní ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́rí kàwé? Lálẹ́, wọn a pe ara wọn wá mu kòkó gbígbóná. Ní 1879, wọ́n tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ panápaná tiwọn sílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti oyè. Ní 1887, Agnata Ramsay, ọmọ Girton, nìkan ló wà ní òkè téńté nínú ìdánwò Gíríìkì àti Látìn ní Yunifásítì Cambridge. Kò sí ọkùnrin kan tó bá a débẹ̀. Síbẹ̀, yunifásítì ò fún un lóyè. Wọ́n dìbò ní 1897 lórí bóyá kí obìnrin máa gba oyè, àwọn tó kọ̀ ló pọ̀ jù. Àfi ìgbà tó di 1948 kí obìnrin tó gba oyè kíkún ní Cambridge. Emily Davies ti kú láti 1921.