Iṣẹ́ ti wà ní Energy Corridor, ilé ńkọ́?

 

Ọ̀rọ̀ òní, ẹ̀yin lẹ fà á. Ìbéèrè kan náà ni mò ń rí ṣáá: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní Houston, ní Energy Corridor. Àdúgbò wo ló dáa jù?" Ẹlòmíì á to orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, á ní kí n mú ọ̀kan. Ẹlòmíì ti rí ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíṣìnì rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lójú, ó ku kó sanwó.

Mi ò ní mú orúkọ kankan fún yín, ẹ má bínú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé lápá ibẹ̀ yẹn, orúkọ àdúgbò kì í sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àdírẹ́sì ilé náà gan-an ló ń sọ ọ́. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí omi wọ ọ̀kan dé ìbàdí, kí rọ́ọ̀gì ìkejì má tilẹ̀ tutù. Ọmọ ilé kan lè máa lọ sí ilé ìwé kan, kí ọmọ tó ń gbé nítòsí rẹ̀ máa lọ sí òmíràn. Owó orí ilé méjèèjì pàápàá lè yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Energy Corridor wà ní ìwọ̀ oòrùn Houston, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà I-10 tí wọ́n ń pè ní Katy Freeway. Bí ẹ bá ń ti àárín ìlú bọ̀, ẹ ó kọjá Beltway 8, lẹ́yìn náà ẹ ó kan Kirkwood, Dairy Ashford, Eldridge, Highway 6, títí dé apá Barker Cypress. Ibẹ̀ ni ConocoPhillips, BP, Shell àti Citgo ní ọ́fíìsì sí. Àwọn ẹnjiníà nìkan kọ́ ló ń bọ̀ níbẹ̀ o: Houston Methodist West àti Texas Children's West Campus wà lẹ́bàá ọ̀nà kan náà, ìyẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi náà ṣe ń béèrè.

Bí ẹ bá wá ṣí máàpù, ẹ ó rí ilẹ̀ aláwọ̀ ewé ńlá méjì, ọ̀kan ní àríwá I-10, ọ̀kan ní gúúsù. Ti àríwá ń jẹ́ Addicks, ti gúúsù ń jẹ́ Barker. Bí ẹ bá débẹ̀, páàkì lẹ máa rí. George Bush Park wà nínú Barker, Bear Creek Pioneers Park wà nínú Addicks. Ẹ ó rí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, igi, koríko. Ajẹ́ńtì á sọ fún yín pé ilé yìí sún mọ́ páàkì, kò sì parọ́. Ohun tí kò fi kún un ni pé inú ìdídò ni páàkì náà wà.

Àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ìyẹn Army Corps of Engineers, ló kọ́ ọ. Omi ti ba àárín ìlú Houston jẹ́ ní 1929 àti 1935, ni wọ́n bá wá ibi tí wọ́n lè dá omi òjò dúró sí kó má bàa rọ́ wọ ìlú. Wọ́n parí Barker ní 1945, wọ́n parí Addicks ní 1948. Kì í ṣe irú ìdídò tí omi máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Gbígbẹ ló máa ń wà. Ògiri rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ gígùn lọ bí òkè kékeré, koríko sì ti bò ó, ẹ lè wakọ̀ kọjá rẹ̀ fún ọdún kan kí ẹ má mọ̀ pé ìdídò ni. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn omi, omi á dúró síbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú odò Buffalo Bayou.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, oko ló pọ̀ jù láyìíká ibẹ̀. Ìlú wá gbòòrò dé ibẹ̀. Wọ́n kọ́lé sí iwájú ìdídò, wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí omi lè dé bí ìdídò bá kún dẹ́nu kọ́ ni ìjọba rà. Wọ́n ra àárín, wọ́n fi etí sílẹ̀. Orí etí yẹn ni àwọn èèyàn kọ́lé aláràbarà sí.

Ní oṣù kẹjọ 2017, ìjì Harvey dé. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi inú ìdídò gòkè kọjá ilẹ̀ ìjọba, ó wọ ilé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn bíi Canyon Gate ní Cinco Ranch, àti Bear Creek ní àríwá. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn Army Corps ṣí ilẹ̀kùn omi, torí ẹ̀rù ìdídò fúnra rẹ̀ ń bà wọ́n. Ni omi bá tún wọ ilé àwọn tó wà níwájú, lẹ́bàá Buffalo Bayou, lápá Memorial. Ẹlòmíì tí òjò kò ṣe ní nǹkan kan ni omi ìdídò wá bá nílé. Wọ́n pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá 2019, adájọ́ dá àwọn tó wà lẹ́yìn ìdídò láre, ó ní ìjọba jẹ̀bi. Àwọn tó wà níwájú pàdánù ní 2020, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí ìdájọ́ yẹn padà ní 2022. Ẹ ka iye ọdún tí èèyàn fi ń rìn lọ rìn bọ̀ ní kóòtù nítorí ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ẹ pe bàbá tàbí ìyá yín lórí fóònù. Bí wọ́n bá dàgbà ní Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n ní ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980. Bí wọ́n bá jẹ́ ará Èkó tàbí ará Ògùn, ẹ béèrè ìdídò Ọ̀yán. Bí wọ́n bá tú omi Ọ̀yán sílẹ̀, àwọn ará Ìṣẹrì àti ará Ajégúnlẹ̀ lápá Ìkòròdú ló máa ń bá a nínú yàrá. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní irú ibẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bó ṣe máa ń rí nígbà òjò. Kò sí ìdí tí ẹ̀yin ò fi ní béèrè torí pé ilé náà ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí mẹ́ta.

Báwo lẹ ṣe máa béèrè? Ẹ fi àdírẹ́sì náà sórí máàpù FEMA, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí Harvey wọ̀ ni kò sí níbi tí máàpù yẹn kà sí ibi eléwu. Nítorí náà, ẹ tún béèrè tààràtà bóyá ilé náà wà nínú ilẹ̀ tí omi Addicks tàbí Barker lè dé. "Flood pool" ni wọ́n ń pè é, ẹ lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, òfin Texas ti ní kí ẹni tó bá ń ta ilé kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó fẹ́ rà á, bó bá mọ̀ pé ó wà nínú flood pool, àti bí omi bá ti wọ̀ ọ́ rí. Ní Fort Bend, àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán ilẹ̀ wọn pé omi Barker lè bo ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kí Harvey tó dé. Ta ló ń ka àwòrán ilẹ̀?

Ibi tó kan èyí tó pọ̀ jù nínú yín rèé, ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́kọ́ yá ilé gbé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, òfin ní kí onílé sọ fún ayálégbé bó bá mọ̀ pé omi ti ba ilé náà jẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọdún márùn-ún. Harvey ti ju ọdún márùn-ún lọ. Ilé tí omi kún dé fèrèsé ní 2017, onílé rẹ̀ lè kọ "rárá" sórí ìwé yẹn lónìí, kò sì rú òfin kankan. Fún ìdí èyí, ìwé náà kò tó. Ẹ fi ímeèlì béèrè: ṣé omi wọ ilé yìí nígbà Harvey? Ẹ jẹ́ kó dáhùn ní kíkọ. Bí ẹ bá sì dé àdúgbò náà, ẹ kí àwọn aládùúgbò, ẹ bi àgbàlagbà tó ń bomi rin òdòdó. Àwọn èèyàn Houston máa ń sọ ìtàn Harvey bí ẹ bá ti bi wọ́n.

Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ra ti omíyalé. Èyí tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń san tó dọ́là 250,000 lórí ilé àti dọ́là 100,000 lórí ẹrù, ayálégbé náà sì lè ra ti ẹrù nìkan. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń dárúkọ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ti ọkọ̀ náà ńkọ́? Èyí tó kéré jù tí òfin béèrè kì í san owó ọkọ̀ tí omi gbé, comprehensive ló ń san án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì díẹ̀. Bí ẹ bá ní òbí tó ń gbé pẹ̀lú yín, tó ń lo insulin tàbí ẹ̀rọ atẹ́gùn, ẹ ro ti iná mànàmáná mọ́ ọn. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ilé iṣẹ́ tí iná lọ níbẹ̀, ooru sì mú gan-an. Ó yẹ kí ẹ mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ bí omi bá wà lójú títì. Highway 6 àti Eldridge la inú Addicks kọjá, omi sì bò wọ́n nígbà Harvey. Ẹni tó ń gbé ní àríwá ibẹ̀ rí ọ́fíìsì rẹ̀ lórí máàpù, kò rí ọ̀nà débẹ̀.

Ó tó nípa omi. Ti ilé ìwé, kíá ni. Wọ́n á ní "Katy," ẹ ó rò pé Katy ISD ni. Ìlú Katy gangan kéré. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Katy wà lẹ́yìn ìlú náà, lábẹ́ kaúńtì Harris tàbí Fort Bend, ilé mìíràn tó sì ní Katy nínú àdírẹ́sì jẹ́ ti Cy-Fair ISD. Àwọn mìíràn tó ní Houston nínú àdírẹ́sì jẹ́ ti Katy ISD. Inú Energy Corridor fúnra rẹ̀, ẹ lè bọ́ sí Houston ISD, Spring Branch, Katy tàbí Alief. Houston ISD, ìpínlẹ̀ Texas ló gba ìṣàkóso rẹ̀ ní 2023, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ lọ sórí ìkànnì ISD náà, ẹ tẹ àdírẹ́sì síbẹ̀, ẹ má gba ti ajẹ́ńtì gbọ́.

Owó orí náà rí bẹ́ẹ̀. Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, inú gbogbo yín á dùn síyẹn títí ẹ ó fi rí owó orí ilé. Kaúńtì á gbà, ilé ìwé á gbà, lẹ́yìn náà MUD á dé. MUD ni àjọ tó yáwó láti fa omi ẹ̀rọ àti láti gbẹ́ gọ́tà sí àdúgbò tuntun, àwọn tó ra ilé níbẹ̀ ló sì ń san gbèsè yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 3 lórí 100, ilé dọ́là 400,000 á máa gba dọ́là 12,000 lọ́dún, ìyẹn 1,000 lóṣù, yàtọ̀ sí owó bánkì. Ẹ̀yin ará London, ẹ má fi wé council tax o.

Ìyá yín á béèrè bóyá àwọn Yorùbá wà níbẹ̀. Wọ́n wà. Ní Katy àti Richmond, ẹ ó rí wọn, ṣùgbọ́n Alief àti òpópónà Bissonnet ni ẹ ti máa rí ẹ̀lùbọ́, ẹja kíkà àti ẹni tó máa dirun fún yín lọ́jọ́ Sátidé. Eldridge àti Highway 6 máa gbé yín dé apá ibẹ̀. Ní tèmi, ẹ má yan ilé torí ìjọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ lẹ ń lọ sí ìjọ, bí ẹ̀yin náà bá tiẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ márùn-ún lẹ máa wà lórí I-10. Wọ́n fẹ ọ̀nà yẹn títí ó fi ní ibi tó gba léènì 26 bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Bí ẹ bá ń gbé ní Katy, oòrùn á wọ̀ yín lójú láàárọ̀ bí ẹ ti ń lọ, á tún wọ̀ yín lójú nírọ̀lẹ́ bí ẹ ti ń bọ̀. Bí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas Medical Center, bíi máìlì 20 nìyẹn, ní apá ibòmíràn pátápátá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló rọrùn fún jù, torí òdìkejì ọ̀nà ló máa ń gbà.

Bí ilé iṣẹ́ bá ní àwọn á san owó ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yá ilé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ọdún kan, ẹ má tíì rà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn wakọ̀ láti ilé tí ẹ fẹ́ dé ọ́fíìsì, ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, kì í ṣe ọ̀sán Sunday tí ajẹ́ńtì fi mú yín lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ jẹ́ kó dá, kí ẹ lọ wo ibi tí omi dúró sí. Bí ẹ bá rí omi lójú títì, tí ẹ ò mọ bó ṣe jìn tó, ẹ yí ọkọ̀ padà.