Ọ̀nà Wo ni Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin Èkó Fi Kan Àwa Ará Ìkàrẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkàrẹ́ Àkókó

 

Àwọn kan nínú wa ti ń béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń kó òṣìṣẹ́ lọ, tí ń kó wọn bọ̀ ní Èkó. Wọ́n ní rélùwéè kò kúkú gba Ìkàrẹ́ kọjá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín, ta ni kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó? Àwa awakọ̀ ńkọ́, tí a ń gbé èrò ní gáréèjì Ìkàrẹ́, tí a ń gba Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àkókò tí òṣìṣẹ́ ń lò lójú ọ̀nà, ara iṣẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sanwó rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láti 1919 ni ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti fọwọ́ sí i pé wákàtí 8 ni kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ máa ṣe lóòjọ́. Ká ní ọmọ wa kan ń gbé Agbádó, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Òyìngbò. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gba wákàtí 2 lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí ó tún gba 2 nírọ̀lẹ́, wákàtí 4 ti lọ. Ní ọjọ́ 5, ó di wákàtí 20. Wákàtí 20 yìí jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì ààbọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi délé, àwọn ọmọ ti sùn. Àfikún owó oṣù wo ni yóò dá ìyẹn padà?

Ìjọba mọ̀ nípa ìyà yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù oko ni àwọn òyìnbó ń wá nígbà náà, wọn kò ro ti òṣìṣẹ́ tí ń jí lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ gómìnà Èkó, láti 1979 títí di òpin 1983, ìjọba rẹ̀ dìde láti ṣe ọkọ̀ ojú irin fún àwọn ará ìlú. Metroline ni wọ́n pè é. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn agbaṣẹ́ṣe. Àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ náà ní 1985. Owó tí Èkó pàdánù lórí ìfagilé yìí ju mílíọ̀nù 78 dọ́là Amẹ́ríkà lọ, òṣìṣẹ́ kankan kò sì rí ọkọ̀ wọ̀.

Ẹ bá wa ka ọdún. Láti 1985 di 2023, ọdún 38 ni. Ọmọ tí a bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé e ti dàgbà, ó ti di òṣìṣẹ́ tí ń tòògbé nínú dánfó, kí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó gbéra. Blue Line ni ó kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marínà dé Mile 2. Kìlómítà 13 ni, ibùdókọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5, iná mànàmáná ni ó sì ń lò. Red Line tẹ̀lé e. Ààrẹ Tinubu ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà. Kìlómítà 27 ni ti èyí: láti Agbádó, ó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣín àti Yábàá dé Òyìngbò. Dísù ni ó ń lò, ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì jọ ń tọ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pín àsìkò láàárín ara wọn. Kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ bí ó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2023, bọ́ọ̀sì tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ síbi iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin kọlu ara wọn ní PWD, lápá Ṣógúnlé, níbi tí títì ti gba orí irin kọjá. Ènìyàn 6 kú. Irú ewu yìí ni àwọn afárá tí wọ́n kọ́ gba orí irin kọjá fún Red Line wà fún. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ìnáwó afárá ti pọ̀ jù, ẹ rán an létí àwọn tí wọ́n jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọn kò padà.

Wàyí o, a mọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn àwọn awakọ̀ wa. Wọ́n ń sọ pé, “Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ ń yọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tiwa ni ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbé lọ.” A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń fi dánfó gbé èrò tààrà láti Agége dé Òyìngbò lè rí i pé èrò òun dín kù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tí ó bá sọ̀ ní Oṣòdì ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé e dé Ìsọlọ̀. Ẹni tí ń gbé Ayọ̀bọ̀ ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé e dé ibùdókọ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni wọn yóò gbé e fún? Bí awakọ̀ bá dákẹ́ títí ọkọ̀ ojú irin fi dé, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè náà. Ìgbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ ti wà ní ìjókòó.

A ní àpẹẹrẹ nítòsí. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ní 1941, ó ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta lọ bá gómìnà òyìnbó nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ìjọba lé e kúrò ní Èkó ní 1943. Ó padà ní 1945, ọdún náà gan-an ni òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju ogójì ọjọ́ lọ. Kì í ṣe ará rélùwéè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó kò fi rí wọn fọ́. Àìrìn pọ̀ ejò ni í jẹ ọmọ ejò níyà.

Àbá wa jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, nígbàkigbà tí a bá jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ lórí owó oṣù, kí á máa ka àkókò ojú ọ̀nà mọ́ ọn, kí á béèrè bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tàbí owó ọkọ̀ tí ó tó. Ẹni tí ń ti Ọ̀kà wá ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Èkejì, kí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá wọn jà láàárín ara wọn. Ẹ̀kẹta, kí á kọ̀wé sí àwọn ọmọ wa ní Èkó: ẹni tí ó bá ríṣẹ́ lórí irin tuntun yìí, kí ó wọ ẹgbẹ́, ẹni tí ó sì ń wọ̀ ọ́, kí ó ṣọ́ ọ bí ohun ìní rẹ̀.

Nítorí ohun tí a ṣe fún òṣìṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ kò bá ṣọ́ ọ, kálàmù kan ṣoṣo ti tó láti fagi lé e. A ti rí i rí.

 Ìṣọ̀kan wa kò ní túká.