Ẹ Má Ṣe Fi Ìpá Pamọ́



A lọ kí ọmọ wa tí ó ń kọ́ ìṣègùn ní Enugu, nínú yàrá rẹ̀ ní Ugwuaji. Ìdí iṣẹ́-abẹ ni ó wà báyìí, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì tí wọ́n kó lọ sí Ituku-Ozalla ní 2007. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ la àyà tún ọkàn ṣe ní Nàìjíríà, ní 1974.

Ó ní kì í ṣe ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òun, bí kò ṣe fífọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kí a dúró, kí a má fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn ún jù ni ti bàbá kan tí ìfun rẹ̀ sọ̀ sínú ìpá, tí ó há síbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ bò ó. Ìfun ti dúdú. Wọ́n gé e. Bí ó bá tètè wá ni, iṣẹ́ kékeré ni ìbá jẹ́.

Ọmọ náà bi wá pé: “Ẹ̀yin bàbá mi, mélòó nínú yín ni ó ń gbé e pamọ́?” A kò lè dáhùn. Àwa tí a ń gbé ẹrù lọ́jà, a mọ ara wa.

Ẹ̀yin ará, bí ìpá bá le, tí kò padà wọlé, tí ó ń dunni, tí èébì ń gbé ni, ẹ má dúró de àgbo. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Èyí tí kò tíì dunni, ẹ fi han dókítà. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ sọ fún wa, a ó sìn yín lọ.