Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà àti Ilẹ̀kùn Ojú Títì

 

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan wá bá mi láìpẹ́ yìí ní Ìfira. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ọnà ni gbogbo wọn sì ń ṣe. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti yan alága, wọ́n ti yan akọ̀wé àti akápò, wọ́n tilẹ̀ ti mú ańkárá tí wọn yóò fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́. Wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò gbọdọ̀ bá wọn pé. Mo bi wọ́n pé, "Níbo ni ẹ ó ti máa ṣiṣẹ́?" Wọ́n ní àwọn ń wá yàrá ní Àkúrẹ́, nítorí pé ará ilé kò mọ iyì ọnà. Gbólóhùn yìí dùn mí, òun ni ó sì mú mi wá sọ ìtàn Òṣogbo fún yín lónìí.

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, tíṣà kan wà ní Òṣogbo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúró Ládípọ̀. Orin ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ó mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin Àjíǹde, inú àwọn kan nínú ìjọ kò sì dùn sí i, ni ó bá di pé kí ó wá ibòmíràn tí yóò ti máa lùlù rẹ̀. Ó ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar.

Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan ti kó ara wọn jọ ní Ìbàdàn, nítòsí Dùgbẹ̀, nínú ilé tí ará Lẹ́bánónì kan ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, àti Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Demas Nwoko, àti Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Mbari ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà. Èdè Igbo ni: ilé ọnà tí àwọn ará ìhà Òwèrrì máa ń fi amọ̀ kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀.

Beier ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà. Òun àti Ládípọ̀ gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì sọ ilé ọtí yẹn di ilé ọnà. Ní oṣù kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, eré Ládípọ̀ tí a ń pè ní Ọba Mọ́rò ni wọ́n sì fi ṣí i. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Igbo. Nígbà tí wọ́n gbọ́ Mbari, wọ́n fi Yorùbá gbà á, wọ́n ní Mbárí-Mbáyọ̀, bí ẹni pé: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Láti ọjọ́ náà ni ilé yẹn ti di ti ìlú. Lójú tèmi, orúkọ tí ìlú bá fúnra rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ sàn ju èyí tí akọ̀wé kọ sínú ìwé òfin lọ.

Ẹ wo ibi tí ilé náà wà: ojú títì ni. Ìyá tí ó ń ti ọjà bọ̀ lè yà wò ó. Ọmọdé lè yọjú. Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Òṣogbo, gbogbo ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé-ẹ̀rí. Ní 1962 àti 1963, Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, wá kọ́ àwọn tí ó bá fẹ́ ní àwòrán. Níbẹ̀ ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti yọ. Ní 1964, Georgina Beier tún ṣe tirẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Ta ni ó wá? Jímọ̀h Bùráímọ̀, ẹni tí ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀. Òun ni ó wá ń to ìlẹ̀kẹ̀ sójú àwòrán títí òkìkí rẹ̀ fi dé òkè òkun. Múráínà Oyèlámì wá pẹ̀lú, ọmọ Ìràgbìjí, tí ó ń ṣeré tí ó sì ń lùlù. Twins Seven-Seven wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tí ń ta oògùn kí ó tó dé Òṣogbo. Ní 2005 ni àjọ UNESCO fi oyè Oníṣẹ́-Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Bí òfin ìwé-ẹ̀rí bá wà lẹ́nu ọ̀nà Mbárí-Mbáyọ̀, ta ni ì bá wọlé nínú wọn?

Ní Àkókó wa níhìn-ín, mo mọ àwọn ìyá àgbà tí ń hun kíjìpá. Mo mọ bíríkìlà tí ń fi sìmẹ́ńtì mọ òdòdó sára ilé, àti ọmọkùnrin tí ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pè. Yàrá kan tí ó kọjú sí títì tó, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí ní ọjọ́ ọjà.

Ti owó ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Àjọ kan tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom ran Mbari Ìbàdàn lọ́wọ́. Nígbà tí ó máa fi di 1967, ó ti hàn sí gbogbo ayé pé CIA, ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ni ó wà lẹ́yìn owó àjọ náà. Ẹ lè fojú inú wo bí ó ti rí fún àwọn òǹkọ̀wé náà, tí wọn kò mọ ọwọ́ tí owó ti wá. Bí ẹgbẹ́ bá kéré, kí ẹ máa dá owó láàárín ara yín lóṣooṣù, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo yín. Bí olówó kan bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́ kí ẹ tó gbà á.

Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966. Ládípọ̀ mú eré rẹ̀ Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, ó sì kú ní 1978. Iṣẹ́ kò dúró, nítorí pé àwọn tí ó kọ́ ọ kì í ṣe àlejò. Nike Okundaye, tí òun náà wà láàárín àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo, dá ilé ẹ̀kọ́ aṣọ àdìrẹ ti ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí ìlú rẹ̀, Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí wa, ó sì dá ibi ìhunṣọ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Kábbà lọ lè yà kí wọn.