Ẹ Dárúkọ Ewé Inú Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Oògùn Tí Wọ́n Ń Tà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fọn



    

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi lónìí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn àgúnmu, tíì àti kápúsù tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ dín ara kù: ṣé wọ́n wúlò, ṣé wọn kò sì léwu? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orúkọ wa ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń polówó. Wọ́n á kọ ọ́ sí ara páálí pé ewé àti egbò nìkan ni, pé àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn baba wa ni, wọ́n á sì ya ọpọ́n Ifá sí i. Ẹnìkan ti tọ̀ mí wá rí pé kí n jẹ́ kí òun fi àwòrán mi sí irú páálí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: ewé wo ló wà nínú rẹ̀? Ó ní àṣírí ni. Mo ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwòrán tèmi náà wà ní àṣírí.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi èdè bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní ẹnìkan rù, àìsàn tàbí ìyà ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Bí a bá ní ó sanra, ọ̀rọ̀ náà jọ ìpàdé "san" àti "ara": ara tó san. Èdè wa kò ka ara tó kún sí ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìrora orúnkún a máa tẹ̀lé àsanjù. Ẹni tí dókítà bá ní kí ó dín ara kù, tó sì gbọ́, ìlera rẹ̀ ló ń wá. Kò fara wé òyìnbó kankan.

Ibi tó wá ń gba ìlera ọ̀hún lọ ni kí a yẹ̀ wò.

Ní ìlú Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìtọ́jú kan wà tí àwọn obìnrin ń lọ kí wọ́n lè fọn. Ní 1990, wọ́n fi àgúnmu egbò ilẹ̀ Ṣáínà kún oògùn tí wọ́n ń fún wọn. Nígbà tó di 1992, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀, tí kíndìnrín wọn sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1993, wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet. Kí ló ṣẹlẹ̀? Egbò tí wọ́n ní kí wọ́n lò ni Stephania tetrandra, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní fang ji. Ewéko mìíràn sì wà tó ń jẹ́ guang fang ji, Aristolochia fangchi. Orúkọ jọ orúkọ, èkejì ló bọ́ sínú àgúnmu. Àwọn tó fara gbá a lé ní 100. Ìwádìí tó jáde ní 2000 fi hàn pé nínú 39 lára wọn tí wọ́n yọ kíndìnrín wọn tó ti bàjẹ́, 18 ló ti ní jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀.

Ẹ kíyè sí i: ohun tó ba kíndìnrín wọ̀nyẹn jẹ́ kì í ṣe kẹ́míkà ilé-iṣẹ́. Egbò tó ti inú ilẹ̀ wá ni. Àṣìpè orúkọ ló fà á.

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo mọ̀ pé orúkọ ewé tiwa náà lè ṣini lọ́nà. Pierre Fátúmbí Verger, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewé tó jáde ní 1995, fi hàn pé ewéko kan lè ní orúkọ púpọ̀, tí orúkọ kan sì lè jẹ́ ti ewéko púpọ̀. Ẹ wo asùnwọ̀n: a ní ti ìbílẹ̀, Senna podocarpa, a sì ní ti òyìnbó, Senna alata. Ìdílé Aristolochia náà kò jìnnà sí wa: akoigun tí àwọn eléwé-ọmọ ń tà ní ọjà wa, Aristolochia ringens ni. Ẹni tí yóò bá lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu tí ènìyàn yóò máa mu lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí ó ronú kan Brussels. Bákan náà ni Garcinia cambogia tí wọ́n ń tà káàkiri. Ó bá orógbó wa, Garcinia kola, pín orúkọ ìdílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe orógbó. Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fọn kò tó nǹkan, àwọn kan sì wà tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orógbó Ṣàngó polówó rẹ̀ fún wa.

Ewu kejì ni pé nígbà mìíràn, ewé kọ́ ló wà nínú rẹ̀ rárá. Oògùn òyìnbó kan wà tí ń jẹ́ sibutramine. Ní 2010, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí pé ó ń fi kún ewu àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, léraléra ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ń bá a nínú kápúsù tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Ẹni tó gbé e mì lérò pé Ọ̀sanyìn ló ń bá òun ṣiṣẹ́.

Ewu kẹta wà nínú àwọn tíì tí ń múni ṣu. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba ọ̀rá oúnjẹ. Ìfun ńlá ni irú asùnwọ̀n ń ru sókè. Kí ó tó ṣiṣẹ́, ọ̀rá ti wọlé. Omi ló ń jáde. Òṣùwọ̀n yóò fò sílẹ̀ lónìí, yóò sì gòkè padà bí ẹ bá ti mu omi tó. Bí a bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, potassium tí ọkàn fi ń lù dáadáa yóò máa bá omi náà lọ.

Ẹ ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ní nọ́ńbà NAFDAC." Ẹ wá nọ́ńbà náà lóòótọ́; èyí tí kò ní, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lára ọ̀pọ̀ àgbo pẹ̀lú: ó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùṣe sọ pé ó lè ṣe wò. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, láti 1994 ni òfin yín ti gbà kí wọ́n ta irú nǹkan wọ̀nyí láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ǹjẹ́ kò sí èyí tó wúlò? Ó wà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ti dán wò ni. Orlistat ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá oúnjẹ gba inú kọjá, èrè rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Abẹ́rẹ́ semaglutide ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kí ó ti wá. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, oúnjẹ ni ìpìlẹ̀: kí òkèlè dínkù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí a fi mínírà sílẹ̀, kí a máa rìn. Ẹni tó wọn 100 kìlò, bí ó bá dín kìlò 5 sí 10 péré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara rẹ̀ yóò fi hàn. Kò dìgbà tí a bá di pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ yìí rèé. Kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ òrìṣà tàbí àmì Ifá wà lára oògùn tí kò bá kọ nǹkan mẹ́rin: orúkọ ewé ní Yorùbá àti ní Látìn, ibi tí a lò lára rẹ̀, ewé ni, èèpo ni, tàbí egbò, ìwọ̀n àti iye ọjọ́, àti ẹni tó jẹ́ èèwọ̀ fún. Aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: kí a kọ wọ́n síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo nǹkan kan, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ti ibà pọ́njú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kí ó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó gbé páálí náà dání lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ tú àṣírí awo. Rárá o. Ọfọ̀, àkókò tí a ń já ewé, ohun tí a ń rú lẹ́bọ, ìwọ̀nyẹn lè jẹ́ ti awo. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ ikùn ènìyàn kì í ṣe àṣírí fún ẹni tó ni ikùn. Ọfọ̀ fúnra rẹ̀ orí orúkọ ló dúró lé: ìró orúkọ ewé àti ìró ọ̀rọ̀-ìṣe a máa jẹ́ ara wọn lóhùn. Ẹni tí kò mọ orúkọ, kí ni yóò pè tí ewé yóò fi jẹ́?

Bí kíndìnrín ọmọ ẹnìkan bá bàjẹ́ lọ́la, oníṣòwò yóò yí orúkọ páálí rẹ̀ padà, Ìṣẹ̀ṣe ni wọn yóò fi ẹ̀sùn kàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ bi wọ́n: ewé wo ni? Bí wọn kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e padà.

Ewé á jẹ́ o. Ìṣẹ̀ṣe á gbè wá. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.