Ẹ̀rọ tí kò mọ ohun tí ó ń sọ

Àwọn tí kọ̀ǹpútà gbà lọ́kàn a máa sọ pé ẹ̀rọ náà ń ronú bí ènìyàn. Sinimá wà lára ohun tí ó gbìn ín sí wọn lọ́kàn. Nínú èyí tí Stanley Kubrick ṣe ní 1968, kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ HAL purọ́, ó sì pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ní 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ pé ìyá òun ń yọ òun lẹ́nu, ELIZA yóò ṣa ọ̀rọ̀ náà, ìyá, mú, yóò sì béèrè nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Òfin ni ó ń tẹ̀ lé: bí ọ̀rọ̀ báyìí bá wọlé, kí èsì báyìí jáde. Odídẹrẹ́ pàápàá sàn jù ú. Ebi a máa pa odídẹrẹ́.

Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tí iṣẹ́ náà ṣe ojú rẹ̀, ní kí ọ̀gá òun jáde kúrò nínú yàrá kí òun lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀!

Nínú ìwé tí Weizenbaum kọ ní 1976, kò jiyàn pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ohun tí ó sọ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ òde òní fi ọgbọ́n ọ̀rọ̀ ju ELIZA lọ fíìfíì, àwọn kan sì ti ń fi í máàkì àròkọ ọmọ ilé-ìwé.