Fíríìjì Inú Ilé: Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Àìsàn Tí Ó Máa Ń Ṣe É

Kí fíríìjì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà kò ṣàì mọ omi tútù. Àmù ni wọ́n ń gbé sí igun ilé tí oòrùn kì í dé. Wọn a pọn omi kún un, wọn a fi ọmọrí dé e, omi náà a sì tutù nini. Amọ̀ tí a fi mọ àmù ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ wá sí ara àmù lóde, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ lọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ àmù àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá fi sípíríìtì nu apá rẹ̀ kí ó tó gún un ní abẹ́rẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí, nítorí ibi tí sípíríìtì bá ti gbẹ ni òtútù ti ń mú un. Orí òfin kan náà ni fíríìjì dúró lé. Ẹni tí òfin yìí bá yé, ìdajì àìsàn fíríìjì ti yé e.

Fíríìjì kì í fi òtútù sínú oúnjẹ. Ooru ni ó ń kó jáde. Gáàsì kan wà tí a sé mọ́ inú ọ̀pá tí ó yí ẹ̀rọ náà ká. Nígbà tí gáàsì yìí bá wà ní ipò omi nínú ọ̀pá tí ó gba inú fíríìjì kọjá, ó ń gbẹ, ó sì ń gba ooru oúnjẹ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, èyí tí ó dúdú bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì, a fà á mu, a sì fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba inú àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn fíríìjì, kí ó tú ooru rẹ̀ sínú ilé, kí ó sì tún padà di omi. Lẹ́yìn èyí yóò gba ojú ọ̀pá kan tí ó tín-ín-rín gidigidi kọjá, iṣẹ́ a sì tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ìwọ̀n òtútù wo ni ó tọ́? Inú fíríìjì kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Ibi tí ẹran àti ẹja ti ń dì yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń bí sí i nínú oúnjẹ. Òtútù kì í pa gbogbo wọn. Ó ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ ni. Fíríìjì kì í ṣe oníṣègùn: ọbẹ̀ tí ó ti ń kan kí a tó gbé e síbẹ̀ kò lè padà di ọ̀tun. Nọ́ńbà tí ó wà lára bọ́tìnì inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíríìjì kì í ṣe ìwọ̀n Celsius. Bí ó ti ń ga sí i ni òtútù ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́, kí ó ki tẹmómítà bọ inú ife omi kan, kí ó gbé e sí àárín fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ní ilé tí a ti ń tọ́jú ìnsúlínì fún alárùn àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Ìwọ̀n 2 sí 8 ni oògùn náà ń fẹ́, bí ó bá sì di yìnyín, ó ti bàjẹ́.

Ìtọ́jú fíríìjì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a gbé e sí. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ sítóòfù, oòrùn kò sì gbọ́dọ̀ máa pa á. Ó kéré tán, ó yẹ kí àyè tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Àwọn kan a tẹ́ aṣọ ẹlẹ́wà lé e lórí, aṣọ náà a sì wọ́ bo ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀; wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe fún un, wọn kò mọ̀ pé imú rẹ̀ ni wọ́n dí. Eruku pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ó yẹ kí a yọ wáyà rẹ̀, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀yẹ́ bá ti kọjá, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni èkejì. Kí a fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí a tì í, kí a sì fa bébà náà. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́ láìfà, ooru ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni a fi ń fọ rọ́bà náà. Bí ó bá ti ya, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Yìnyín ni ẹ̀kẹta. Bí ó bá ti nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí a pa fíríìjì, kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a jẹ́ kí yìnyín náà yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tí a fi ń gbẹ́ yìnyín ti pa fíríìjì púpọ̀: bí ó bá ti lu ọ̀pá, gáàsì ti lọ nìyẹn. Ọbẹ̀ gbígbóná ni ẹ̀kẹrin. Kí a jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ju wákàtí 2 lọ níta, kí a sì dé e kí a tó gbé e wọlé.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ jẹ́ ọ̀tá ńlá fún fíríìjì. Ní 1972 ni a dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 orúkọ náà di PHCN. Ní 2013 a sì fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí padà, ìṣòro fíríìjì kò yí. Fóòtù tí ó tó 220 sí 240 ni a ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fún. Bí iná bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a máa kùn láìlè yí, wáyà inú rẹ̀ a sì gbóná títí yóò fi jó. Bí iná bá sì lọ tí ó padà dé lójú ẹsẹ̀, ipá gáàsì kò tíì rọlẹ̀ nínú ọ̀pá. Bí ìgbà tí a ní kí aláàárù tí kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tún ru òmíràn ni. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, kí a yọ pulọ́ọ̀gì. Bí ó bá dé, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 5. Sítabiláísà tí ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó gbé iná sílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ọ̀bùn tí ó rí ikú ọkọ tìràn mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ti oníná. Bí fíríìjì bá dákẹ́ pátápátá, tí gílóòbù inú rẹ̀ kò sì tàn, kí a kọ́kọ́ fi iná mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Lẹ́yìn náà fíúsì inú pulọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà sítabiláísà. Bí gílóòbù bá tàn, kí a wò ó bóyá ọwọ́ kan ti yí bọ́tìnì rẹ̀ sí òdo. Bí ó bá ń dún kẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a yọ ọ́ kíákíá, kí a sì pe oníṣẹ́. Bí omi bá ń dà sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ihò tí omi ń gbà lọ ni ìdọ̀tí dí. Bí ó bá ń pariwo, ó lè jẹ́ pé kò dúró déédéé lórí ilẹ̀ ni. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi tí kò sì tutù, rọ́bà, yìnyín, eruku àti àpọ̀jù ẹrù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí gbogbo wọn bá dára, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń yí, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ẹ̀yìn kò gbóná rárá, nígbà náà ni a lè fura sí gáàsì.

Ibí yìí gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo inú àtùpà. Inú ọ̀pá tí a sé ni ó ń yí. Bí ó bá dín, ó ń jò ni. Oníṣẹ́ tí ó bá rọ gáàsì sí i láìwá ojú ibi tí ó ń jò, tí kò sì dí i, omi ni ó pọn sínú ajere. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ yóò tún padà wá gba owó. Ohun tí ẹni tí ó ni fíríìjì yóò béèrè kò ju èyí lọ: níbo ni ó ti ń jò? Kí ó sì rí i pé irú gáàsì tí a kọ sára fíríìjì náà ni a rọ sí i. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ṣe ìkìlọ̀ pé irú gáàsì àtijọ́ ń ba ààbò tí ó wà lójú sánmà jẹ́; ní 1987 ni a fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dẹ́kun lílò wọn. R-600a, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíríìjì tuntun, kò ba sánmà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná lè ràn án. Kò yẹ kí a ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ nítòsí iná, tàbí nínú iyàrá tí a tì pa.

Bí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀kùn títì ni oògùn rẹ̀. Oúnjẹ inú fíríìjì lè wà fún wákàtí 4. Ti inú ẹ̀rọ amúǹkandì tí ó kún lè tó wákàtí 48. Bí kò bá kún ju ìdajì lọ, wákàtí 24. Ẹran àti ọbẹ̀ tí ó bá ti gbóná ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn èyí, kí a dà á nù, bí ó tilẹ̀ ń dun ni. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ ni ó ń rùn.

Ohun méjì ni ó ju owó lọ. Bí fíríìjì bá ń gbe ènìyàn lọ́wọ́, kí a má ṣe fi wọ́ bàtà kí a máa lò ó lọ. Kí a yọ ọ́, kí a wá ẹni tí yóò tún wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Èkejì ni òkú fíríìjì tí a gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọdé tí ń ṣeré bojúbojú lè sá sínú rẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn láìsí atẹ́gùn. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní 1956 pé ilẹ̀kùn fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Púpọ̀ nínú àwọn ògbólógbòó tí a fi ìkọ́ tì ṣì wà káàkiri. Kí a tú ilẹ̀kùn wọn kúrò pátápátá kí a tó gbé wọn jù.

Owó oṣù olùkọ́ mélòó ni a fi ń ra fíríìjì kan lónìí? Bébà kan ní ẹnu ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì kan fún eruku, sùúrù ìṣẹ́jú 5 nígbà tí iná bá dé, àti ìbéèrè kan lọ́wọ́ oníṣẹ́: ohun wọ̀nyí kò wọ́n. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.